Irọ́ Kan Nínú Ilé Páálí

Ọjọ́ kẹta, oṣù kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú iṣẹ́ abẹ́rẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ibùsùn ni mo jókòó sí bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀ náà.

Ara mi le. Ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn yẹn ni mo ṣì wà. Aṣọ ibùsùn tí mò ń ká lójúmọ́ pọ̀ débi pé ọwọ́ mi ń ká nǹkan bí mo bá sùn. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé ní kí n kí yín dáadáa. Òun ló ń se oúnjẹ lónìí, ìyẹn ni mo fi ráyè kọ̀wé.

Ẹ máa rántí ẹgbẹ́ tí mo sọ fún yín nígbà kan, àwa tí a ń fi páálí kọ́ ilé kéékèèké. Ọ̀sán Sátidé la máa ń pàdé, nínú yàrá kan lẹ́yìn ilé ìkàwé. Awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan wà láàárín wa, dókítà eléyín kan wà níbẹ̀, ìyá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ sì ni akọ̀wé wa. Kálukú á gbé sísọ́ọ̀sì àti gọ́ọ̀mù rẹ̀ dé, a ó máa gé, a ó máa lẹ̀, a ó máa ṣàwàdà. Kò sí ẹni tó ń jèrè kankan níbẹ̀. Ó kàn dùn mọ́ wa ni.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún la máa ń ṣe ìdíje. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ní kí kálukú kọ́ ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ilé wa ni mo kọ́. Àṣà kan wà nínú ẹgbẹ́ náà tó máa pa yín lẹ́rìn-ín: ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ ilé gbọ́dọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ kan sínú rẹ̀. Ẹyọ kan péré, kí àwọn tó ń wò ó lè fara balẹ̀ wá a. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà dìjà lọ́dún yìí, torí pé àwọn adájọ́ ò mọ ilé ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ni wọ́n ń pè ní irọ́. Ìlẹ̀kùn kan wà lórí òrùlé ilé tí wọ́n ti tọ́ dókítà eléyín dàgbà, lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, ni wọ́n bá gé máàkì rẹ̀ kúrò. Látọjọ́ yẹn, kò kí adájọ́ àgbà mọ́.

Èmi ni wọ́n wá yàn pé kí n gba èrò àwọn èèyàn jọ lórí ìdíje náà: ohun tó dùn mọ́ wọn, ohun tó dùn wọ́n, ohun tó yẹ ká yí padà. Akọ̀wé ní kí olúkúlùkù fi ilé rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó mọ ilé náà gan-an, kó sì béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ni ẹni tèmi. Àwọn páálí tó wà nínú àpò yìí ni ilé wa. Mo ti gé wọn tán, mo ti fi ọ̀bẹ fa ojú ibi tí wọ́n á ti ká, ẹ kàn máa fi gọ́ọ̀mù sí àwọn etí kéékèèké tó yọ síta ni.

Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún mi: kí ló rí bó ṣe yẹ kó rí? Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ǹjẹ́ ìdíje báyìí bójú mu? Kí ni kí a yí padà lọ́dún tó ń bọ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi han ẹnikẹ́ni. Ojú yín nìkan ni mo fẹ́.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹta

Abẹ́rẹ́ ọmọ mi,

O ṣeun, mo gbọ́ ìkíni rẹ. Kí ọ̀rẹ́ rẹ náà fún mi. Ara mi le, ó kàn jẹ́ pé áyọ́ọ̀nù jó mi lọ́wọ́ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tó o fi rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí yàtọ̀. Tíṣà ló ń bá mi kọ ọ́. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, òun ló gba yàrá iwájú. Ohun tí mo bá sọ ló ń kọ, mo sì ń ní kó kà á padà sí mi létí. Ó ní kí n sọ fún ẹ pé òun ò fi tòun kún un.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rẹ yìí ń kọ mí lóminú. Àgbàlagbà kóra jọ, wọ́n ń gé páálí, kò sówó níbẹ̀, wọ́n sì ṣòfin pé kí kálukú máa pa irọ́. Ẹgbẹ́ wo nìyẹn? Wọ́n wá fẹ́ mọ ilé baba gbogbo yín, ibi tí ìlẹ̀kùn wà, ibi tí fèrèsé wà. Wọn ò fi mọ síbẹ̀, wọ́n ní kí ẹ fi ránṣẹ́ sí onílé kó wá sọ ibi tí ẹ ti ṣì í. Bí èmi bá jẹ́ olè, bí mo ṣe máa ṣe é gan-an nìyẹn.

Má sọ pé mo ti darúgbó ni mo ṣe ń fura. O mọ ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ gbájúẹ̀ tó fi ohùn rẹ pè mí lórí fóònù, tó ń sunkún pé wọ́n ti òun mọ́lé. Ohùn rẹ ni, Abẹ́rẹ́. Bó ṣe ń fa imú gan-an ni ìwọ náà ṣe máa ń fà á. Látìgbà náà ni fóònù ti wà nínú dúrọ́ọ̀ tí mi ò fọwọ́ kàn án. Mo ní ìwé nìkan ni màá gbà gbọ́. Ní báyìí, ìwé náà ti ń béèrè fèrèsé ilé mi.

Torí náà, kí n tó fi páálí kan lé páálí kan, dá mi lóhùn. Aṣọ wo ni mo kọ́kọ́ fún ẹ gé nígbà tí mò ń kọ́ ẹ níṣẹ́, kí lo sì fi ṣe? Ẹni tí kì í bá ṣe ìwọ ò lè mọ̀ ọ́n.

Àbúrò mi Káfíńtà wá wọn ògiri ọ̀nà àárín ilé lánàá. Ó kí ẹ.

Èmi bàbá rẹ,
Télọ̀


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìgbà díẹ̀. Lẹ́tà yín pa mí lẹ́rìn-ín, ó sì tún bí mi nínú, mi ò mọ èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe.

Ṣòkòtò awakọ̀ bọ́ọ̀sì akóyọyọ kan ni. Ẹ ní kí n gé ìsàlẹ̀ rẹ̀ kúrò díẹ̀, mo gé ẹsẹ̀ kan dé orúnkún. Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ẹ wò ó lójú, ẹ ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀ ọ́ nìyẹn nísinsìnyí, ẹ gé ẹsẹ̀ kejì bá a mu níwájú rẹ̀, ó sì dúpẹ́. Lẹ́yìn tó lọ ni ẹ tó yí ojú yín sí mi. Ṣé èmi ni àbí èmi kọ́?

Ó wá ku tiyín. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń lọ aṣọ kí wọ́n tó bí mi, tí ẹ máa ń lọ kọ́là tí ẹ ń wo ẹni tó ń kọjá lójú títì, áyọ́ọ̀nù wo ló jó yín lọ́wọ́? Ta ni ń jẹ́ Tíṣà? Ìgbà wo lẹ fi yàrá iwájú háyà? Yàrá tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí ni. Níbo ni wọ́n wá ń jókòó báyìí?

Èyí tí mi ò lè gbé mì ni ti Káfíńtà. Ẹ̀yin àti ọkùnrin yìí ò bára yín sọ̀rọ̀ látìgbà tó ti ní apá kan ilé náà ni tòun. Ẹ ní ó wá wọn ògiri, bí ẹni pé ó wá mu omi lásán ni. Kí ló fẹ́ fi ìwọ̀n ògiri ṣe? Ṣé ó fẹ́ la ilé náà sí méjì ni? Ṣé ẹ fẹ́ tà á ni? Ilé yẹn ni gbogbo ohun tí ìyá mi fi sílẹ̀ tí mo ṣì lè padà wá fọwọ́ kàn. Bí nǹkan kan bá ti ṣẹlẹ̀ sí i, ẹ jẹ́ n gbọ́ ọ lẹ́nu yín, kì í ṣe lẹ́nu àlejò tí mi ò mọ̀ rí.

Ní ti páálí, gbogbo èèyàn ti mú èsì wọn wá, ó ku tèmi. Ìyá dókítà eléyín fúnra rẹ̀ kọ ojú ewé mẹ́rin, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ èébú fún adájọ́ àgbà. Akọ̀wé ti bi mí léèrè tiyín títí ó ti sú u. Ẹ bá mi ṣe é.

Ọ̀rẹ́ mi ń kí yín. Ó ní ẹ pẹ̀lẹ́ ọwọ́.

Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ karùn-ún, oṣù karùn-ún

Abẹ́rẹ́,

Ìwọ ni. Mo rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú mi. Ọkùnrin yẹn padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ó ní kí n ṣe irú ṣòkòtò yẹn fún ọ̀rẹ́ òun. Mi ò sọ fún ẹ rí, kí orí rẹ má bàa wú.

Mo ti kọ́ ilé rẹ. Mo ti ìlẹ̀kùn yàrá mi, mi ò fi han ẹnikẹ́ni, bí o ṣe wí. Mo fọwọ́ kan àwọn etí tó yọ síta yẹn, mo ní ẹni tó bá fi àyè ìránṣọ sílẹ̀ báyìí, rírán ló fẹ́ kí n rán an. Mo wá òwú tó nípọn, mo sì rán an mọ́ra láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé. Ó ti parí kí n tó rántí pé gọ́ọ̀mù lo sọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Gọ́ọ̀mù lè ṣí, èyí ò ní tú.

Èsì mi rè é. Òrùlé dára. Àtẹ̀gùn iwájú pé. O tún rántí kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé tó wọ́, tí bíríkìlà kọ́ lọ́jọ́ tó mutí yó, ìyẹn wú mi lórí. Irọ́ rẹ, mo ti mú un: ọ̀nà àárín ilé fẹ̀ jù. Nínú ilé wa, bí mo bá dúró láàárín, àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì á kan ògiri méjèèjì láìna apá tán. Nínú tìrẹ, èèyàn méjì lè máa jà níbẹ̀. O ò lè fi ìyẹn tàn mí.

Ìdíje náà ò bójú mu. Báwo ni àwọn adájọ́ á ṣe dúró lókèèrè, tí wọ́n á máa wo ilé onílé bí ẹni ń wo ìyàwó tuntun? Lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí wọ́n fi ìka gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kí wọ́n fọwọ́ pa ògiri. Sọ fún wọn pé èmi Télọ̀ ni mo sọ bẹ́ẹ̀.

Èyí tó kù tó o béèrè, ilé mi ni ilé mi. Àwọn oníbàárà dín kù, mo fi yàrá háyà. Káfíńtà ń bá mi tún nǹkan ṣe. Tíṣà jẹ́ ayálégbé, òun fúnra rẹ̀ ló sì ka ìbéèrè rẹ nípa rẹ̀ sí mi létí, o lè fojú inú wo bó ṣe rí. Má wádìí mi bí ọlọ́pàá.

Bàbá rẹ


Ọjọ́ kejìlélógún, oṣù karùn-ún

Sí ẹni tó ń dá mi lóhùn,

Mi ò kí ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà yìí, torí mi ò mọ ẹni tí mò ń kí.

Ọ̀nà àárín ilé kọ́ ni irọ́ mi. Bí ó bá fẹ̀ jù, àṣìṣe ni. Irọ́ mi ò farasin. Ẹni tó bá dúró ní ìkóríta á rí i. Mo kun ilé náà ní búlúù.

Yẹ́lò ni ilé wa. Gbogbo àdúgbò ló ń pè é ní Ilé Yẹ́lò. Ìyá mi ló po ọ̀dà náà fúnra rẹ̀, ó bá akunlé jà, ó gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọdọọdún ni bàbá mi ń tún un kùn látìgbà tí ìyá mi ti kú, kò sì gbà kí ẹlòmíì fọwọ́ kàn án. Bí bàbá mi bá yọ páálí búlúù yẹn nínú àpò, igbe rẹ̀ ì bá dé ọ̀dọ̀ mi níbí kí lẹ́tà tó dé. Ẹni tó kọ̀wé sí mi mọ òrùlé, ó mọ kọ̀rọ̀ tó wọ́, ó mọ ìtàn ṣòkòtò, àmọ́ kò mọ àwọ̀ ilé. Ẹnì kan ti ń fi ọ̀rọ̀ wá bàbá mi lẹ́nu wò, ó sì ń kó o wá fún mi.

Tíṣà, bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ń ka èyí, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Níbo ni bàbá mi wà? Ṣé ó ṣì wà láàyè? Kí lẹ̀yin àti Káfíńtà ń gbìmọ̀ lé lórí? Olè ni ẹni tó bá gba ilé mọ́ arúgbó lọ́wọ́, ì báà kọ ìwé tó mọ́ tónítóní bí tiyín. Mo fẹ́ lẹ́tà kan tí bàbá mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí mi ò bá rí i, mò ń bọ̀, èmi àti ọlọ́pàá la ó sì jọ wọlé.

Ọmọ onílé


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù keje

Ọmọ mi,

Èmi ni. Ọwọ́ ara mi ni. Bí ìlà bá gun orí ara wọn, fara dà á. Rúlà ìránṣọ ni mo tẹ́ sábẹ́ ọ̀rọ̀, bí mo bá kọ ìlà kan tán, mo sún un wálẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó lè kọ èyí tí èèyàn lè kà. Tíṣà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó ń ní kí n tún un kọ.

Áyọ́ọ̀nù ò jó mi. Ojú mi ló lọ.

Ọ̀tún ló ṣáájú. O ò tíì rìnrìn àjò nígbà yẹn, mo ní eruku ni. Òsì wá tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Mo kọ́kọ́ ń wá ihò abẹ́rẹ́ tì, lẹ́yìn náà mò ń wá abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ tì. Dókítà ní àìsàn tí kì í dunni ni, ìdí nìyẹn tí mo fi pẹ́ kí n tó wá. Ó ní èyí tó ti lọ ti lọ. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé nìkan ló kù tí mo mọ̀. Mo ṣì mọ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

O máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò sọ. Nígbà tí ìyá rẹ ń ṣàìsàn, o fi ilé ìwé sílẹ̀, o jókòó tì í, o ò sì padà mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé wàá tún ṣe é. Mo ní kí o má ṣe é fún èèyàn méjì.

Mi ò lè ránṣọ fún oníbàárà mọ́, ni mo fi yàrá iwájú háyà. Ọjọ́ tí Tíṣà wá wo yàrá náà, mo ní kí n po tíì fún un, mò ń da omi gbígbóná sórí tábìlì, mo rò pé inú ife ni. Ó kàn gba kẹ́tùlù lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ yẹn náà ló gba yàrá. Káfíńtà ló kan igi mọ́ ògiri látẹnu ọ̀nà mi dé ilé ìwẹ̀, kí n lè máa dì í mú. Òun ló wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé ilé yín, ẹ kàn má ṣubú nínú rẹ̀." A sunkún, àgbàlagbà méjì.

Tíṣà ka lẹ́tà rẹ sí mi látòkè délẹ̀. Ó ka ibi tó o ti pè é ní olè, ó ka ibi tó o ti dárúkọ ọlọ́pàá, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. Nígbà tó parí, ó ká a, ó ní, "Bàbá, ọmọ yín mọ̀wé kọ. Kò sí àṣìṣe kankan níbẹ̀." Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ì bá bínú bí kì í bá ṣe pé bó ṣe yẹ kí ọmọ rí nìyẹn.

Nígbà tó ka "búlúù," mo fa ilé náà yọ lábẹ́ maṣíìnì, mo gbé e lọ́wọ́, mò ń yí i. Ojú tì mí. Lẹ́yìn náà ni mo rẹ́rìn-ín, torí mo mọ ohun tí ìyá rẹ ì bá sọ fún ẹ. Ọjọ́ tí mò ń rán an, Abẹ́rẹ́, yẹ́lò ni mò ń rí.

Ẹgbẹ́ rẹ ní kí irọ́ kan wà nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Tèmi nìyẹn. O ti rí i.

Télọ̀


Ọjọ́ kẹta, oṣù kẹjọ

Bàbá mi,

Mo kí yín. Mo kí Tíṣà, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún wọn bí ọkùnrin. Ẹ̀yin Tíṣà, ẹ̀yin lẹ máa ka èyí sókè, torí náà ẹ kà á kí bàbá mi gbọ́: mo bú yín láìmọ̀ yín, mo bẹ̀ yín, ẹ ṣeun tí ẹ gba kẹ́tùlù.

Bàbá, inú bí mi sí yín. Mo jókòó sínú ilé ìfọṣọ láàárín aṣọ àwọn aláìsàn, mo sunkún débi tí ọ̀gá mi fi ní kí n máa lọ sílé. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà nínú òkùnkùn yẹn, ẹ ń sọ fún mi pé kò sí nǹkan. Mi ò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀. Àmọ́ ìsinmi mi máa bọ́ sí ìparí ọdún, mò ń bọ̀ wá wò yín, ẹ ò sì lè dá mi dúró.

Mo ka èsì yín fún ẹgbẹ́. Mo ka ibi tí ẹ ti ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá sọ ìdí tí ẹ fi sọ ọ́. Akọ̀wé dìde, ó di ojú, ó ki ọwọ́ sínú ilé tí dókítà eléyín kọ́, ó ń wá ìlẹ̀kùn orí òrùlé yẹn. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Ó wà níbí. Òótọ́ ni." Wọ́n ti fẹnu kò sí i: lọ́dún tó ń bọ̀, aṣọ á bo gbogbo ilé, ọwọ́ ni adájọ́ á kọ́kọ́ kì bọ̀ ọ́ kó tó ṣí i wò. Dókítà eléyín àti adájọ́ àgbà ti ń kíra wọn, bí kò tiẹ̀ tíì tọkàn wá.

Ẹ tọ̀nà lórí ọ̀nà àárín ilé. Ọmọdé ni mí nígbà tí mo máa ń sáré gba ibẹ̀, bó ṣe rí lójú mi nígbà yẹn ni mo fi kọ́ ọ. Mo ti dín in kù.

Nǹkan kan wà nínú àpótí tó tẹ̀ lé lẹ́tà yìí. Yàrá mi ni, ibi tí mò ń gbé. Mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ra tán, mi ò ya nǹkan kan sórí rẹ̀ rárá. Fèrèsé, mo gé e jáde. Ibùsùn, ife, bàtà, gbogbo rẹ̀ ló dúró fúnra rẹ̀. Ẹ ti ń bi mí láti ọjọ́ tó ti pẹ́ pé báwo ni ibi tí mò ń gbé ṣe rí, mi ò sì mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Ẹ wọlé. Irọ́ kan wà níbẹ̀ o, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́. Tíṣà ò gbọdọ̀ ràn yín lọ́wọ́.

Ọmọ yín,
Abẹ́rẹ́


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹsàn-án

Abẹ́rẹ́ mi,

Mo wọ ilé rẹ láàárọ̀ yìí. Mo ní kí Tíṣà jáde, ó jáde, àmọ́ mo gbọ́ ọ pé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ló dúró sí. Nísinsìnyí ó ń kọ ohun tí mò ń sọ, ó sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ìka méjì ni mo fi rìn. Mo gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Ìkọ́ aṣọ kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, kóòtù kan wà lórí rẹ̀. Bàtà kan ṣoṣo wà lẹ́bàá ibùsùn, tọ̀tún tòsì. Ìrọ̀rí kan. Ife kan, ṣíbí kan nínú rẹ̀. Ibi ìdáná sún mọ́ ibùsùn débi pé ẹ̀rù bà mí pé iná lè ran aṣọ ibùsùn, sún un sẹ́yìn. Yàrá náà kéré, ọmọ mi. O kọ̀wé sí mi nígbà kan pé ó fẹ̀, pé afẹ́fẹ́ ń wọlé. Mi ò ní ka ìyẹn mọ́ irọ́, torí ẹyọ kan péré ni òfin yín gbà.

Mo wá kan tábìlì. Àga méjì ló wà níbẹ̀. Ìkíní, o tẹ ìjókòó rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ láàárín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wọ́. Èèyàn ń jókòó síbẹ̀. Ìkejì le gan-an, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró ṣánṣán. Mo fọwọ́ pa á títí. Mo tún padà lọ ka bàtà, mo ka ìrọ̀rí, mo ka ife.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ dà?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fura sí ọ̀rẹ́ yẹn. Gbogbo lẹ́tà ló fi ń kí mi, kì í ṣàìsàn, kì í gba ìsinmi, kì í bá ẹ jà. Ta ló ń gbé pẹ̀lú èèyàn tí kì í bá a jà? Èmi àti Tíṣà ti jà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yìí lórí ibi tí kẹ́tùlù ń gbé. Mi ò bínú sí ẹ. Mo mọ ọwọ́ tó gé irọ́ náà, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́. Ó kàn dùn mí pé ìwọ nìkan lò ń jẹun níbẹ̀, tó o sì ń sọ pé ọ̀rẹ́ tí kò sí ló ń se oúnjẹ, torí kí n lè sùn.

Mo ti ní kí Tíṣà fún mi ní bírò. Èyí tó kù, ọwọ́ mi ni.

Sọ fún ẹgbẹ́ pé mo rí i.

Má yọ àga kejì. Mo fi ìka méjì jókòó sórí rẹ̀. Ó gbà mí.

Bàbá rẹ